Ẹ Bi Wá: Skánà Ọwọ́ Ni Tàbí Ti Orí Tábìlì?

Skánà ni rédíò tó ń sáré gba orí ọ̀pọ̀ ìkànnì kọjá, tó sì ń dúró níbi tó bá ti gbọ́ ohùn: panápaná, ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú omi. Ó ń gbọ́ ni, kì í fèsì. Amẹ́ríkà ni lílò rẹ̀ ti gbilẹ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú lẹ́tà yín ti wá lóṣù yìí. A mú àwọn tí ìdáhùn wọn lè ṣe ẹlòmíràn náà lóore.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Houston ni èmi àti ẹbí mi ń gbé. Nígbà tí Ìjì Beryl jà ní oṣù keje 2024, ọjọ́ mẹ́fà la fi wà nínú òkùnkùn, fóònù náà ò sì lọ geere. Mo ti pinnu pé n ó ra skánà kí irú rẹ̀ tó tún ṣẹlẹ̀, kí n lè máa mọ ohun tó ń lọ ládùúgbò. Ọkọ mi ní ká ra ńlá tí a ó gbé sórí tábìlì. Èmi ń wo kékeré tó ṣe é mú lọ́wọ́. Ta ló jàre? — Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àfaradà ìjì náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ńlá àti kékeré sílẹ̀ ná. Ohun tó ń jẹ owó àwọn èèyàn gbé nídìí skánà ni pé wọ́n ń ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó béèrè irú rédíò tí ìjọba ìlú wọn ń lò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni ti àtijọ́, análọ́ọ̀gì, tí skánà ọgọ́rùn-ún dọ́là lè gbọ́. Èkejì ni díjítà, èyí tí wọ́n ń pè ní P25 ló sì wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn panápaná àti ọlọ́pàá Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ díjítà tì pa, tí kò sí skánà tó lè ṣí i. Houston àti Harris County wà lórí TxWARN, ètò P25 ńlá kan tó ń lo ìgbì 700 àti 800 MHz. Ẹ kò ní gbọ́ gbólóhùn kan níbẹ̀ lórí skánà análọ́ọ̀gì, ì báà tóbi bí àpótí aṣọ.

Nínú ètò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní trunking, kò sí ẹ̀ka tó ni ìkànnì kan pàtó. Ẹ fi wé gáréèjì mọ́tò: èrò ò ní ọkọ̀ tirẹ̀, agbèrò ló ń nawọ́ sí ọkọ̀ tó kàn. Ìkànnì adarí ni agbèrò yẹn. Òun ló ń sọ fún gbogbo rédíò pé àwọn panápaná ibi báyìí ti bọ́ sórí ìkànnì báyìí. Skánà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwùjọ kọ̀ọ̀kan ni talkgroup, òun lẹ ó sì máa yàn lórí ẹ̀rọ, kì í ṣe nọ́ńbà MHz.

Ìṣòro kan tún wà tí àwọn olùtajà kì í sábà sọ. Ní ìlú ńlá, òpó púpọ̀ máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà lórí ìkànnì kan náà. Simulcast ni wọ́n ń pè é. Bí ilé yín bá wà láàárín òpó méjì, ìgbì ti ìhín àti ti ọ̀hún á dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú ìyàtọ̀ bíńtín nínú àsìkò, bí ìgbà tí àwọn elégbè kò bá gbe orin pọ̀. Etí èèyàn lè fara da ìyẹn. Ẹ̀rọ díjítà kò lè fara dà á: ọ̀rọ̀ á máa já, á máa dún bí ẹni tó ń fi omi fọ ọ̀nà ọ̀fun, tàbí kó dákẹ́ pátápátá nígbà tí àmì agbára ìgbì ṣì kún bámúbámú lójú ẹ̀rọ. Ibẹ̀ lẹ ó ti dá àrùn náà mọ̀: agbára wà, ọ̀rọ̀ kò sí. Uniden BCD436HP àti BCD536HP, Whistler TRX-1 àti TRX-2, ẹ̀rọ tó dára ni wọ́n níbi tí kò ti sí simulcast, àmọ́ ó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Uniden SDS100 tó jáde ní 2018 àti SDS200 tó tẹ̀lé e ní 2019 ni wọ́n ṣe láti borí rẹ̀, nítorí ọ̀nà míì ni wọ́n ń gbà túmọ̀ ìgbì. Fún Houston, àárín méjèèjì yìí ni kí ẹ ti yàn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ọkọ yín. SDS100 ni ti ọwọ́, SDS200 ni ti tábìlì. Ohun tó ń gbọ́ràn nínú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, owó wọn náà kò jìnnà síra. Ẹni tó bá sọ pé ti tábìlì ń gbọ́ jìnnà jù nítorí ó tóbi, áńtẹ́nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ tí onítọ̀hún ń yin àpótí. Ti tábìlì ní sípíkà tó lè kún iyàrá. Ẹ lè wà ní kíṣìnì tí ẹ ń din dòdò kí ẹ máa gbọ́ ọ láti pálọ̀. Ojú rẹ̀ fẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀ rọrùn fún àgbà, ó sì ní ihò Ethernet tí ẹ lè fi so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Ṣùgbọ́n kò ní bátìrì nínú. Ti ọwọ́ ní bátìrì tó ń gbé e bíi wákàtí méje sí mẹ́jọ nígbà tó ṣì tuntun, omi tó bá ta sí i lára kò ní pa á, ẹ sì lè jù ú sínú àpò bí wọ́n bá ní kí gbogbo àdúgbò kó jáde. Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn rẹ̀ kéré, ó sì máa ń gbóná lọ́wọ́. Ìgbóná yẹn kì í ṣe àmì pé ó fẹ́ bàjẹ́.

Torí ìjì lẹ ṣe fẹ́ ra á, nítorí náà ti ọwọ́ ni kí ẹ rà. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ ra bátìrì kejì pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì ní power bank tí ẹ lè fi gba iná sí i láti ihò USB. Àmọ́ ọkọ yín náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, torí SDS200 ń lo iná 12 V bíi ti mọ́tò. Bó bá ń jẹ ámpíà kan, bátìrì 12 V 7 Ah tó ti kún á gbé e bíi wákàtí mẹ́fà. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn, ẹ fi fíúùsì ámpíà 3 sí wáyà pupa, nítòsí bátìrì gan-an, torí bí wáyà méjèèjì bá fara kanra láìsí fíúùsì, iná ló máa sọ.

Nígbà tí ẹ bá ṣí páálí, ẹ kọ́kọ́ so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi sọ́fítíwíà Sentinel tí Uniden ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ gba àkójọ ìkànnì tuntun. Èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ á ti gbó kó tó dọ́dọ̀ yín. Ẹ tẹ ZIP code yín. Ẹ má wá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, torí á kó gbogbo ẹ̀ka káńtì yín àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ wọlé, á máa fò láti ibì kan sí òmíràn títí orí á fi máa fọ́ yín. Panápaná àti áńbúláǹsì nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo ètò tí ẹ bá fi kún un ló ń mú kí ẹ̀rọ pẹ́ kó tó yípo dé ibi tí ẹ ń fẹ́, inú àsìkò yẹn gan-an sì ni ìpè tí ẹ ń retí máa ń kọjá lọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan la bẹ̀ yín: ẹ ra rédíò ojú ọjọ́ kékeré tó ní SAME, kí ó máa wà lẹ́bàá ibùsùn yín láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá, àsìkò ìjì líle. Ìkànnì méje ni NOAA, àjọ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ń lò káàkiri Amẹ́ríkà, láti 162.400 dé 162.550 MHz, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 0.025 ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. SAME ló ń jẹ́ kí rédíò náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó wá jí ilé nígbà tí ìkìlọ̀ bá kan káńtì yín. Skánà yín lè gbọ́ ìkànnì wọ̀nyẹn, àmọ́ bó bá ń tẹ̀lé panápaná lọ́wọ́, ìkìlọ̀ ẹ̀fúùfù lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra skánà orí tábìlì kan, tuntun nínú páálí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ní ìkànnì 500, pé ó ń gbọ́ 25–54, 108–174 àti 406–512 MHz. Ó ti pé oṣù méjì báyìí, ojú ọjọ́ àti àwọn awakọ̀ òfurufú nìkan ni mò ń gbọ́. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí panápaná. Ṣé kí n dá a padà ni? — Alàgbà kan, Laurel, Maryland

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Nọ́ńbà tí ẹ kọ sí wa ló dáhùn: ó dúró ní 512 MHz, análọ́ọ̀gì nìkan ló sì gbọ́. Maryland FiRST, ètò rédíò gbogbo ìpínlẹ̀ yín, P25 ni lórí ìgbì 700 MHz. Kò sí áńtẹ́nà tó lè mú ẹ̀rọ gbọ́ ohun tí wọn kò kọ́ ọ láti gbọ́. Bí ọjọ́ ìdápadà kò bá tíì kọjá, tó sì jẹ́ panápaná lẹ fẹ́, ẹ dá a padà.

Bí ẹ bá fẹ́ràn ohùn àwọn awakọ̀ òfurufú wọ̀nyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó rọrùn tó irú rẹ̀ fún ìyẹn. Àárín 118 sí 137 MHz ni wọ́n wà, AM sì ni wọ́n ń lò, kì í ṣe FM. Ẹni tó bá fi ìkànnì wọn sí FM á gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀, tó dàrú. Ẹ tún lè fi ọkọ̀ ojú irin sí i, láti 160.215 dé 161.565 MHz, àti ìkànnì 16 ti ọkọ̀ ojú omi, 156.800 MHz, torí etí omi Chesapeake kò jìnnà sí yín.

Ó ṣeé ṣe kó yà yín lẹ́nu pé ẹ ń gbọ́ awakọ̀ òfurufú, ẹ kò sì gbọ́ ẹni tó ń dá a lóhùn. Awakọ̀ wà lókè, kò sí ohun tó dí i. Ilé àti òkè ló wà láàárín yín àti áńtẹ́nà ẹni tó wà nílẹ̀. Ní ti bọ́tìnì squelch, èyí tó ń pa ariwo mọ́ nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀: ẹ yí i sẹ́yìn títí ariwo á fi bẹ́ sílẹ̀, kí ẹ rọra yí i síwájú títí ariwo náà á fi dákẹ́, kí ẹ wá fi bíńtín kún un. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní skánà wọn kò gbọ́ nǹkan kan, squelch ni wọ́n yí dé òpin.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, skánà tábìlì wo ló lágbára tó láti ṣí ìkànnì ọlọ́pàá Chicago? — Chicago, Illinois

ÌDÁHÙN: Kò sí. Wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ díjítà tì í pa: ti ọwọ́ kò lè ṣí i, ti tábìlì kò lè ṣí i, ẹni tó bá sì fẹ́ ta èyí tó lè ṣí i fún yín, ẹ sá fún un. Ìlú náà ń jẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìdádúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dùn wá, torí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́ jù fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà ilé ìwé. Àmọ́ ẹ má ná owó lé ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Chicago ṣì ní nǹkan fún etí: pápákọ̀ òfurufú O'Hare, àwọn ọkọ̀ ojú irin tí kò níye, àti ọkọ̀ ojú omi lórí adágún Michigan. Skánà ọwọ́ análọ́ọ̀gì tó kéré jù lówó á ṣe gbogbo wọn.

ÌBÉÈRÈ: Skánà ọwọ́ ni mo ní, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, àfi pé kì í gbọ́ jìnnà nínú ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tà á, kí n ra ti tábìlì, pé ti tábìlì nìkan ló lè lo áńtẹ́nà òrùlé. Ṣé òótọ́ ni? Ilé alájà kan ni wa. — Atlanta, Georgia

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́. Ẹ má tà á. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, orí áńtẹ́nà àti wáyà ni kí ẹ ná an sí.

Kí ẹ tó gun òrùlé, ẹ dán ohun tó rọrùn wò. Rọ́bà kúkúrú tó bá skánà wá, wọ́n ṣe é kó lè gbọ́ ohun gbogbo díẹ̀díẹ̀ ni. Áńtẹ́nà tó bá gígùn ìgbì mu dára jù ú lọ fíìfíì. Ẹ pín 75 pẹ̀lú nọ́ńbà MHz, ohun tó bá jáde ni gígùn rẹ̀ ní mítà. Fún ọkọ̀ òfurufú, 127 MHz, á jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 59. Fún ọkọ̀ ojú irin, nǹkan bí 47. Fún 850 MHz, sẹ̀ǹtímítà 9 péré. Ẹ rí i pé áńtẹ́nà gígùn tí àwọn èèyàn ń fi yangàn kò wúlò fún 850. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé skánà sí ojú fèrèsé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ibi tí ẹ gbé e sí nìkan lè yí gbogbo nǹkan padà.

Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ gbé áńtẹ́nà discone sínú àjà ilé, lábẹ́ òrùlé. Òun ló ń gbọ́ láti 25 dé 1300 MHz lápapọ̀. Òrùlé páànù máa ń dí ìgbì. Bí tiyín bá jẹ́ páànù, ìta ni kó wà. Wáyà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ká ní mítà 15 ni, tí ẹ sì ń gbọ́ 850 MHz: RG-58 tín-ín-rín á jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí áńtẹ́nà mú wá. RG-6, wáyà tí a fi ń so tẹlifíṣọ̀n, á jẹ ìdajì. LMR-400 tó nípọn á jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ní ti ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú irin, àdánù náà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, RG-6 sì ti tó. Àwa fẹ́ràn RG-6 fún ilé: kò wọ́n, ó wà níbi gbogbo, pé ó jẹ́ 75 ohm kò sì ṣe nǹkan kan fún ẹ̀rọ tó kàn ń gbọ́.

Ibi tí skánà ọwọ́ ti yàtọ̀ sí ti tábìlì nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹnu tí a ń so wáyà mọ́. Ti tábìlì sábà máa ń ní BNC tó dúró gírígírí lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ti ọwọ́ ní SMA, ẹnu kékeré tí a ń yí wọlé bíi bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Wáyà nínípọn tó bá rọ̀ mọ́ ọn á máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí á fi já kúrò lórí pátákó inú ẹ̀rọ, àtúnṣe rẹ̀ sì lè tó ìdajì owó skánà. Ẹ ra wáyà ìsopọ̀ rírọ̀ tó gùn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, SMA lápá kan, BNC lápá kejì. Ẹ de wáyà nínípọn mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kí èyí rírọ̀ nìkan kan skánà.

Àwọn kan á so áńtẹ́nà òrùlé tán, gbogbo rẹ̀ á wá burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìgbì ilé iṣẹ́ rédíò FM, 88 sí 108 MHz, ló ya wọlé tó bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Skánà ọwọ́ sì tètè máa ń kú fún un, torí rọ́bà kúkúrú ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ fi fílítà FM sí àárín wáyà àti skánà, tàbí kí ẹ tan attenuator, ohun tó ń dín agbára ìgbì kù, lórí ìkànnì tó ń dàrú. Bó bá jẹ́ ariwo ṣííííí kan ló ń bá AM lò, ilé yín ni kí ẹ wá a sí. Ẹ jẹ́ kí skánà wà lórí bátìrì, kí ẹ wá máa pa iná ilé ní ẹyọ-ẹyọ láti ibi breaker. Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú àti ṣájà fóònù ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ohun tí ti ọwọ́ fi ju ti tábìlì lọ nìyí: ẹ lè gbé e rìn káàkiri ilé bí ajá ọdẹ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìta ni áńtẹ́nà wà, ẹ so òpó rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú wáyà kọ́pà tí kò kéré ju 10 AWG lọ, kí wáyà yẹn sì já sí ibi tí iná ilé náà ti so mọ́ ilẹ̀, kì í ṣe sí irin mìíràn tó dá wà lọ́tọ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí wáyà iná ojú títì débi pé bó bá ṣubú, kò ní kàn án. Bí òjò àrá bá ṣú, ẹ yọ wáyà kúrò lára skánà.

ÌBÉÈRÈ: Takisí ni mò ń wà ní New York. Mo fẹ́ skánà tí n ó máa fi gbọ́ ibi tí ọ̀nà ti dí. Èwo ló dára fún inú mọ́tò? — Bronx

ÌDÁHÙN: Skánà tábìlì ni wọ́n ń gbé sínú mọ́tò, torí ó ń lo 12 V, ó sì ní irin ìdè. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ New York, abala 397 nínú òfin ọkọ̀ kò fàyè gba kí o fi rédíò tó lè gbọ́ ìkànnì ọlọ́pàá sínú mọ́tò láìgbàṣẹ. Òfin náà kò wo ìtóbi, ohun tó lè gbọ́ ló ń wò. Nítorí náà ti ọwọ́ kò ní gbà ọ́. Àyè tí wọ́n fún àwọn oní-rédíò ham, àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò sọ̀rọ̀ fún ìgbafẹ́, há gan-an, ìkànnì ham nìkan ló dárúkọ. Florida, Indiana, Kentucky àti Minnesota náà ní òfin tiwọn lórí skánà nínú mọ́tò. Àbúrò, áàpù ojú ọ̀nà tó wà lórí fóònù rẹ ti tó fún iṣẹ́ yẹn. Má fi ìwé ọkọ̀ rẹ sínú ewu.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fẹ́ràn ọkọ̀ òfurufú bí ẹni máa kú. Mo fẹ́ ra skánà ọwọ́ fún un kí ó máa gbọ́ Heathrow. — Peckham, London

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ra á, ẹ lè ní in nílé, àmọ́ gbígbọ́ ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú rẹ̀ lòdì sófin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin Wireless Telegraphy ti 2006 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi rédíò wádìí ọ̀rọ̀ tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ ó rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣe é lẹ́bàá pápákọ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ti ọlọ́pàá àti panápaná tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n wà lórí Airwave, ètò rédíò tiwọn tí wọ́n ti tì pa.

Ohun tí òfin fàyè gbà ni rédíò tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé, àwọn oní-rédíò ham, àti CB, rédíò tí ará ìlú fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má sì rò pé ìyẹn kò tó fún ọmọdé. Àwọn tó ń gbé nínú ibùdó òfurufú ISS máa ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ lórí 145.800 MHz, FM, ìkànnì ham sì ni. Bí ISS bá ń kọjá lórí London, skánà ọwọ́ kékeré pẹ̀lú áńtẹ́nà tó gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 51 lè gbé ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé yín, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó wọ̀. Ti ọwọ́ ni kí ẹ rà fún un, torí ìta gbangba ló ti ń dùn ún gbọ́.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi ní Ìbàdàn jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rédíò láti kékeré. Mo fẹ́ ra skánà tábìlì ńlá láti Dallas fún ọjọ́ ìbí wọn. Ìmọ̀ràn wo lẹ ní? — Dallas, Texas

ÌDÁHÙN: Ẹ̀bùn ọlọ́lá ni, àmọ́ ti ńlá kọ́ ni kó jẹ́. Ohun tí ẹ ń sanwó fún lára skánà ńlá Amẹ́ríkà ni P25 àti àkójọ ìkànnì tó ń tẹ̀lé ZIP code. Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan ni àkójọ yẹn wà fún. Bí Bàbá bá tàn án ní Ìbàdàn, òfìfo ni.

Ẹ wo skánà ọwọ́ análọ́ọ̀gì tó ń lo bátìrì AA méjì, bíi Uniden BC125AT. Ó ní ìkànnì 500 tí wọ́n pín sí báńkì mẹ́wàá, ẹ lè tẹ nọ́ńbà wọlé fúnra yín, USB ló sì ń gbà ṣájì, tí ó fi jẹ́ pé iná 230 V wa kò lè bà á jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ti tábìlì ránṣẹ́ dandan, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀: tí kò bá sí 100–240 V níbẹ̀, tó jẹ́ 120 V nìkan, èéfín ló máa rú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nínú ilé bátìrì BC125AT, swíìṣì kékeré kan wà tó ń yan irú bátìrì. Bí Bàbá bá fi bátìrì lásán, èyí tí kì í gba iná, sí i nígbà tí swíìṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ NiMH, tí wọ́n sì so USB mọ́ ọn, bátìrì náà lè jò tàbí kó bú. Ẹ fi bátìrì NiMH mẹ́rin ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ṣàlàyé swíìṣì yẹn fún wọn. Ínfátà náà máa ń da ariwo sórí AM. Kí wọ́n gbọ́ ọ lórí bátìrì, níbi tó jìnnà sí ínfátà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ NCC kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí àwọn ló ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó ń wọ Nàìjíríà. Kí Bàbá sì máa lò ó nílé. Ó jọ woki-toki, kò sì yẹ kí àgbàlagbà máa dúró ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni kí n wò bí mo bá fẹ́ ra skánà àlòkù? — Providence, Rhode Island

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ohun tó ń gbọ́ ṣáájú ẹwà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ trunking sí i lára láìdárúkọ P25, ti análọ́ọ̀gì àtijọ́ ni, ọ̀pọ̀ ètò tó ń tẹ̀lé sì ti kógbá wọlé. Bí wọ́n bá kọ P25 láìsí Phase II, ẹ̀dà rẹ̀ kejì, ẹ mọ̀ pé kò ní gbọ́ ọ̀pọ̀ ètò tuntun.

Lára ti ọwọ́, ẹ yọ áńtẹ́nà kí ẹ fi ìka mi ẹnu SMA. Bó bá mì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo bátìrì bóyá ó ti wú. Lára ti tábìlì, ẹ yí bọ́tìnì ohùn sókè sódò láìyára: bó bá ń ta pàrà pàrà, ìdọ̀tí ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi ìyẹn dínwó. Nínú SDS méjèèjì, orí káàdì microSD kékeré kan ni àkójọ ìkànnì wà. Ẹ rí i pé ó wà níbẹ̀ àti pé ẹ̀rọ ń kà á. DMR, NXDN àti ProVoice, irú díjítà mìíràn yàtọ̀ sí P25, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san kí SDS tó gbọ́ wọn, ara ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n sì ń so ó mọ́, kì í ṣe ara olówó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á èwo ló ti san, kí ó sì ṣí ojú ewé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ hàn yín kí ẹ tó ka owó.